Olùtọ́jú Ìwé ní Ayé Kọ̀ǹpútà: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìtàn Ìkirè àti Àpòmù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fín igbá mọ́, èyí tí ó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa òkìkí oníṣọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe ti ìwé ni, ó yẹ kí á tún un rò. Ikán a máa jẹ ìwé, òjò a máa pa á, iná a sì máa jó o. Bí ẹni tí ó kọ ọ́ bá kú, tí kò sí ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi dàbí ẹni pé a kò kọ ọ́ rárá. Ẹni tí ó ń dí ọ̀nà irú ìparun bẹ́ẹ̀ ni olùtọ́jú ilé ìkàwé.

Ní òde òní, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ó ń wọ iṣẹ́ yìí ni ó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni irin iṣẹ́ wọn. Wọ́n ń ya àwòrán ojú ewé ìwé àtijọ́ sínú ẹ̀rọ, wọ́n sì ń to orúkọ ìwé sí orí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹni tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn lè rí i kà. Àwọn kan rò pé iṣẹ́ àjèjì ni èyí, tí kò kan ẹni tí ń kọ́ni ní èdè àti ìtàn Yorùbá. Èrò wa nínú àròkọ yìí ni pé kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú ìrántí tí àwọn baba wa ti ń ṣe ni, ẹ̀rọ ni ó yí padà. A ó fi ìlú Ìkirè àti Àpòmù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ìtàn Àpòmù fi hàn bí ìrántí odidi ìlú ṣe lè so rọ̀ mọ́ ìwé kan ṣoṣo.

Àpòmù nínú ìtàn

Ìkirè àti Àpòmù kò jìnnà sí ara wọn. Ìkirè, ìlú Akirè, ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Irewọlé; Àpòmù, ìlú Alápòmù, ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìṣọ̀kan. Àwọn tí ń gba ọ̀nà Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ mọ Ìkirè nítorí dòdò rẹ̀, èyí tí a fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó ti pọ́n ju bí ó ti yẹ lọ dín. Ohun tí ẹlòmíràn ìbá kó dà nù ni àwọn obìnrin Ìkirè sọ di ohun tí a fi ń dá ìlú wọn mọ̀. A ó tún rántí ọ̀rọ̀ yìí bí a bá dé orí ọ̀rọ̀ ìwé àtijọ́.

Ti Àpòmù jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Samuel Johnson, àlùfáà ìjọ C.M.S. ní Ọ̀yọ́, ni ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilẹ̀ Ifẹ̀ ni Àpòmù wà, àti pé ọjà rẹ̀ ni àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé láti ṣòwò. Ibi tí èrò bá pọ̀ sí ni gbọ́mọgbọ́mọ ń bá rìn. Wọ́n a máa jí àwọn ará Ọ̀yọ́ gbé ní ọjà náà, wọn a sì tà wọ́n sí oko ẹrú. Ní apá ìparí ìjọba Aláàfin Abíọ́dún, àṣẹ jáde láti Ọ̀yọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ Olówu àti Ọọ̀ni pé kí wọ́n fi òpin sí ìwà náà. Baálẹ̀ Àpòmù sì fi ọwọ́ líle mú àṣẹ náà.

Ní ọjọ́ kan, ọmọ ọba Ọ̀yọ́ kan tí ń jẹ́ Awólẹ̀ wá ṣòwò ní Àpòmù, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó tún jẹ́ ìránṣẹ́ rẹ̀. Awólẹ̀ fi ọ̀rẹ́ náà ṣe pàṣípààrọ̀ ọjà! Nígbà tí ó dé etí Baálẹ̀, ó mọ̀ pé ikú tọ́ sí ẹni tí ó ṣe irú èyí. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ pa ọmọ ọba ní gbangba, nítorí náà ó pàṣẹ pé kí wọ́n nà án, kí wọ́n nà án dáadáa. Nígbà tí Abíọ́dún wàjà, tí Awólẹ̀ gun orí ìtẹ́ ní apá ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, kò gbàgbé pàṣán Àpòmù. Ó ní kí ogun lọ bá ìlú náà. Baálẹ̀ sá tọ Ọọ̀ni lọ. Nígbà tí ó rí i pé ààbò kò sí níbẹ̀ pàápàá, àti pé ogun lè ti ipa tirẹ̀ bo gbogbo ilẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀ kí ìlú rẹ̀ lè là. Wọ́n gé orí rẹ̀ lọ sí Ọ̀yọ́ láti fi tu ọba lójú.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Johnson tún fi yé wa pé aáwọ̀ lórí atare ní ọjà Àpòmù yìí kan náà ni ó di ogun, tí Òwu fi kọlu Àpòmù, tí àwọn Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú sì para pọ̀ dojú kọ Òwu títí Òwu fi tú. Àwọn onímọ̀ ìtàn kò fi ẹnu kò lórí ọdún tí ogun náà bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí ó parí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé láti inú rẹ̀ ni ogun abẹ́lé ilẹ̀ Yorùbá ti ràn.

Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣàkíyèsí ohun kan níhìn-ín. Ẹni tí ó dúró ti òfin ọjà, tí ó gbà pé ènìyàn kì í ṣe ọjà títà, oyè rẹ̀ nìkan ni ìtàn náà fi pè é: Baálẹ̀ Àpòmù. Bí kì í bá ṣe pé Johnson kọ ọ́ sílẹ̀, èèyàn mélòó ní òde ìlú rẹ̀ ni ìbá mọ ohun tí ó ṣe?

Bí ìwé náà ṣe bọ́ lọ́wọ́ ìparun

A bí Johnson ní Sàró ní ọdún 1846. Láti ẹnu àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ àti àwọn àgbà mìíràn ni ó ti gba púpọ̀ nínú ohun tí ó kọ. Àwọn arọ́kin wọ̀nyí ni a lè pè ní olùtọ́jú ilé ìkàwé àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa. Inú wọn ni ilé ìkàwé, ẹnu wọn sì ni ìwé. Johnson parí iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 1897, ó sì fi í ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́. Ìwé náà dé ọ̀hún, ó sì sọnù. Johnson kú ní ọdún 1901 láì rí i mọ́.

Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó gba iṣẹ́ náà ṣe. Ó kó àwọn ìwé pélébé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ, ó sì tún gbogbo rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1916, nígbà ogun àgbáyé kìíní, ó fi í ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi tí ń jẹ́ Appam. Ọkọ̀ ogun àwọn ará Jámánì mú ọkọ̀ náà ní ojú òkun, wọ́n sì wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Nǹkan bí ọdún méjì kọjá kí ìwé náà tó dé ọwọ́ àwọn tí yóò tẹ̀ ẹ́. Obadiah náà kú ní ọdún 1920. Ọdún 1921 ni ìwé náà, The History of the Yorubas, jáde, nígbà tí àwọn méjèèjì tí ó kọ ọ́ ti wà ní sàréè.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí ṣe kókó. Ìgbà kìíní, ẹ̀dà kan ṣoṣo ni ó rìn, ó sì ṣègbé. Àjẹkù rẹ̀ tí ó wà ní ilé, àwọn ìwé pélébé tí ẹlòmíràn ìbá fi dáná, ni ó gbà á là. Bí àwọn obìnrin Ìkirè ti ṣe ń sọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n jù di oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ni Obadiah sọ àjẹkù di ìwé. Òfin àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ olùtọ́jú ìwé ayé òde òní kò ju èyí lọ: má ṣe fi ìwé kan ṣoṣo sí ibì kan ṣoṣo. Ní ọdún 1999, àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà dá ètò kan sílẹ̀ tí a ń pè ní LOCKSS, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ti ń pa ẹ̀dà ìwé kan náà mọ́ sínú kọ̀ǹpútà wọn, kí ti ẹnì kan má baà bàjẹ́ kí gbogbo rẹ̀ sì parun. Obadiah Johnson ìbá mọ rírì ètò náà.

Bí iṣẹ́ náà ṣe fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà

Kí ìjọba tó mú iṣẹ́ yìí ní iṣẹ́, ó pẹ́. Nígbà tí a dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1948, John Harris ni ó ṣe olórí ilé ìkàwé rẹ̀. Òfin ọdún 1950 sì pàṣẹ pé kí àwọn tí ń tẹ ìwé jáde ní Nàìjíríà máa fi ẹ̀dà ránṣẹ́ síbẹ̀. Ní ọdún 1951, onímọ̀ ìtàn Kenneth Onwuka Dike bẹ̀rẹ̀ sí í kiri ọ́fíìsì ìjọba láti wo ipò tí àwọn ìwé àtijọ́ wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni ó bí ilé ìtọ́jú àkọsílẹ̀ ìjọba ní ọdún 1954, òfin ọdún 1957 sì fún un ní àṣẹ. Ilé yìí wà ní Ìbàdàn títí di òní, ibẹ̀ sì ni ẹni tí ó bá ń wá ìtàn ìlú rẹ̀ ní ìgbà ìjọba àwọn Òyìnbó máa ń kọ́kọ́ lọ.

Ní ọdún 1960 ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé ní Ìbàdàn. Owó ìrànwọ́ Carnegie láti Amẹ́ríkà ni a fi dá a sílẹ̀. Ní ọdún 1962 a dá ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé Nàìjíríà sílẹ̀. Ní ọdún 1964 ilé ìkàwé ti gbogbo orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọdún 1968 Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà. Òfin ọdún 1995 ni ó dá ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ náà sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe fún àwọn agbẹjọ́rò àti àwọn oníṣègùn.

Ẹni tí ó bá ń bèèrè pé kí ni ìwúlò gbogbo èyí fún ìlú kékeré, kí ó wo ọ̀rọ̀ oyè. Òfin àwọn ọba àti ìjòyè ní Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ti ọdún 1957, ní kí a kọ àṣà yíyan ọba sílẹ̀, kí a sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Láti ìgbà náà, bí ìdílé méjì bá ń du oyè, ìwé ni ilé ẹjọ́ ń bèèrè. Ìdílé tí ìwé tirẹ̀ ti di oúnjẹ ikán, ẹnu lásán ni ó kù fún un.

Kọ̀ǹpútà dé

Ní ọdún 1971, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà, Michael Hart, tẹ ìwé sínú kọ̀ǹpútà kí ẹlòmíràn lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ibẹ̀ ni Project Gutenberg ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1996, a dá Internet Archive sílẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè ka ìwé Johnson lónìí láì san kọ́bọ̀. Ní ọdún 2000, ilé ìkàwé kan ní New Zealand bẹ̀rẹ̀ sí í lo Koha, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí ó rọ́pò káàdì orúkọ ìwé. Ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ní Nàìjíríà ni ó ti gbà á. Ní ọdún 2002, DSpace jáde láti MIT, fún pípa iṣẹ́ ìwádìí ilé ẹ̀kọ́ mọ́.

Ọdún 2006 ni a dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Ó ní ọgbà ní ìlú mẹ́fà, Ìkirè sì ni a gbé ẹ̀kọ́ èdè, ìtàn àti àṣà sí. Nípa bẹ́ẹ̀, ibi tí a ti ń kọ́ nípa ogun Òwu àti Aláàfin Awólẹ̀ kò jìnnà sí ọjà tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Àǹfààní ńlá ni èyí fún ìlú méjèèjì, bí a bá rí àwọn tí yóò kó ìtàn ìdílé, ìwé ìjọ, ìwé ẹgbẹ́ àti ohùn àwọn àgbà ibẹ̀ jọ sí ojú kan.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ nìkan kò tó, ó gba ìmọ̀ èdè. Ẹ wo ẹni tí ó tẹ “Owu” láìsí àmì ohùn sínú kọ̀ǹpútà, tí ó ń wá ìtàn ogun. Ẹ̀rọ náà lè kó Òwu, ìlú Olówu, wá fún un. Ó lè kó òwú tí a fi ń hun aṣọ wá. Ó sì lè kó owú jíjẹ láàrin àwọn obìnrin ilé wá. Ẹni tí ó tẹ “Ife” lè rí Ifẹ̀, ó lè rí ìfẹ́, ó sì lè rí ife tí a fi ń mu omi. Àmì ohùn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kà sí wàhálà ìdánwò ni ó ya ìwọ̀nyí sọ́tọ̀.

Ìṣòro kejì wà nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Unicode, ètò tí ó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, jáde ní ọdún 1991. Nínú rẹ̀, ẹ àti ọ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ́ tàbí ọ̀ kò ní; lẹ́tà àti àmì ni a ń so pọ̀. Ojú ènìyàn lè rí ọ̀rọ̀ méjì bí ọ̀kan náà, kí kọ̀ǹpútà sì kà wọ́n sí méjì nítorí pé ọ̀nà tí a gbà tẹ̀ wọ́n yàtọ̀. Olùtọ́jú ìwé ní láti mú kí gbogbo rẹ̀ bá ara mu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwé yóò wà nílé, ẹni tí ń wá a kò ní rí i.

Ìṣòro kẹta ni ti àkọtọ́. Láti ìgbà ìpàdé àwọn C.M.S. ní Èkó ní ọdún 1875 títí di àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974, ọ̀nà ìkọ̀wé wa ti yí padà. Ẹni tí ó bá ń wá Ọ̀ṣun gbọ́dọ̀ rí ìwé tí ó pè é ní Oshun pẹ̀lú. Ta ni yóò so méjèèjì pọ̀? Ẹni tí ó mọ kọ̀ǹpútà tí kò mọ Yorùbá kò lè ṣe é. Ẹni tí ó mọ Yorùbá tí kò mọ kọ̀ǹpútà náà kò lè ṣe é.

Ìgbésí ayé ọ̀dọ́ olùtọ́jú ìwé

Iṣẹ́ tí ó gbẹgẹ́ báyìí, ọwọ́ àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni a sábà ń gbé e lé. Àwọn àgbà inú iṣẹ́ náà mọ ìwé, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ni ó bá kọ̀ǹpútà ní ọ̀sán iṣẹ́ wọn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí àgbà bá ń kọ́ ọmọdé bí a ṣe ń mọ ọjọ́ orí ìwé, tí ọmọdé sì ń fi ẹ̀rọ han àgbà, ilé ìkàwé náà yóò tòrò. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ohun tí ọmọdé ń bá pàdé ni kí a sọ ọ́ di alátùn-únṣe kọ̀ǹpútà fún gbogbo ọ́fíìsì, kí ìwé tí a torí rẹ̀ gbà á síṣẹ́ sì wà nílẹ̀.

Iná mànàmáná ni ọ̀gá iṣẹ́ yìí. Bí ó bá lọ ní àárín ojú ewé, ọjọ́ náà lọ nìyẹn, àfi bí jẹnẹrétọ̀ bá ní epo. Owó íntánẹ́ẹ̀tì lè jáde láti inú àpò òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀. Eruku ìwé ogójì ọdún a máa bá ọ̀nà ọ̀fun jà. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa, a ka olùtọ́jú ilé ìkàwé mọ́ àwọn olùkọ́: bí kò bá ṣe ìwádìí kí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde, kò sí ìgbéga. Lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ ni ó ń jókòó kọ ìyẹn.

Ilé náà ní tirẹ̀. Ẹni tí a gbà síṣẹ́ ní ìlú kékeré, tí ọkọ tàbí aya rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ìlú ńlá, ní láti yàn bóyá kí ó máa wọ ọkọ̀ lójoojúmọ́ tàbí kí ó máa rí àwọn ọmọ ní òpin ọ̀sẹ̀. Owó oṣù ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ bùkátà. Àwọn ẹbí a sì máa bèèrè pé irú iṣẹ́ wo ni jíjókòó ti ìwé, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó mọ kọ̀ǹpútà ń gba owó ńlá ní báńkì, tàbí tí ó ti lọ sí òkè òkun. Ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó ní ni ilé iṣẹ́ mìíràn ń fẹ́; bí ọ̀kan nínú wọn bá lọ, kì í ṣe ẹnì kan ni ó lọ, ìmọ̀ bí a ṣe to àkójọ náà bá a lọ.

Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ìtàn. Arọ́kin tí ó wà ní ààfin ní ilé, ó ní oúnjẹ, ó sì ní ọlá, nítorí pé ọba mọ̀ pé bí arọ́kin bá kú láìní arọ́pò, ìtàn ìdílé òun di èyí tí ẹnikẹ́ni lè yí padà. Àwa tí a ní kí ọ̀dọ́ kan máa ṣe iṣẹ́ arọ́kin fún odidi àgbègbè, kí ni a fi dì í mú?

Ipa ti olùkọ́

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjọba nìkan. Àwọn olùkọ́ Yorùbá ní ipa mẹ́ta láti kó. Èkíní, kí á kọ́ àwọn ọmọ ní àmì ohùn gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó ní ìwúlò lẹ́yìn ìdánwò, kí wọ́n mọ̀ pé òun ni kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń ṣí ilé ìkàwé orí ẹ̀rọ. Èkejì, kí á rán wọn lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ìdílé wọn láti gba ìtàn sílẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́, ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́, nítorí pé ìtàn tí kò ní ìwọ̀nyí kò wúlò tó bí ó ti yẹ fún ẹni tí ń ṣe ìwádìí. Ẹ̀kẹta, bí ilé ẹ̀kọ́ bá fẹ́ sun ìwé àtijọ́, ìwé ìforúkọsílẹ̀ tàbí ìwé ìròyìn ọdún pípẹ́, kí á kọ́kọ́ pe olùtọ́jú ilé ìkàwé tí ó wà nítòsí.

Ẹ rántí pé ọdún 1929 sí 1930 ni Isaac Thomas ń kọ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá sínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ìwé ìròyìn tí a ń kà tán ní ọ̀sẹ̀ kan. Nítorí pé ẹnì kan pa á mọ́ ni ó fi ṣeé ṣe fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Karin Barber láti tún un tẹ̀ jáde ní ọdún 2012, tí a sì lè máa ka ìtàn àròsọ tí ọ̀pọ̀ kà sí àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá.

Ní àgbálọgbábọ̀, a ti rí i pé Baálẹ̀ Àpòmù fi ẹ̀mí rẹ̀ gba ìlú là, pé ọmọ ìyá méjì fi ọjọ́ ayé wọn gba ìtàn rẹ̀ là, àti pé ohun tí ó kù ni kí àwa náà má ṣe jẹ́ kí ó tún sọnù. Ọ̀dọ́ tí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà ní ilé ìkàwé, tí ó ń fi sùúrù to àmì ohùn sí orí orúkọ Àpòmù, ẹ má ṣe rò pé ó ń ṣeré. Bí a bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí á kí i kú iṣẹ́, kí á sì bèèrè ohun tí a lè bá a ṣe.